Ewéko tó jókòó lórí lithium, àti àyẹ̀wò tí kì í lè sọ pé "rárá"

1/ Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ewéko kan fún yín. Gíga rẹ̀ kò ju ìdajì rúlà ọmọ ilé-ìwé lọ. Òdòdó rẹ̀ rí roboto, àwọ̀ yẹ́lò tó ṣá ló ní. Gbogbo èyí tó wà láyé pátá, orí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà mẹ́rin péré ló wà. Pápá bọ́ọ̀lù márùn-ún sí mẹ́fà nìyẹn. Kò hù níbòmíràn. Lábẹ́ ilẹ̀ yẹn gan-an ni lithium wà.

2/ Ọ̀rọ̀ yìí gùn o, ẹ wá ibi fìdí lé. Ó kan bátìrì fóònù tí ẹ fi ń kà á, ó kan ọkọ̀ oníná, ó kan òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1872, ó sì máa kan àwa náà kó tó parí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé dání: tí ìjọba bá ní òun ń ṣàyẹ̀wò bóyá iṣẹ́ kan máa ba nǹkan jẹ́, ṣé àyẹ̀wò yẹn lè dáhùn pé "rárá, ẹ má ṣe é"?

3/ Orúkọ ewéko náà ni Eriogonum tiehmii. Tiehm's buckwheat làwọn èèyàn ń pè é. Arnold Tiehm, tó ń ṣa ewéko jọ fún iṣẹ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló rí i ní 1983 lórí òkè Silver Peak, ní Esmeralda County, ìpínlẹ̀ Nevada. Ní 1985, onímọ̀ ewéko James Reveal kọ àpèjúwe rẹ̀ síwèé, ó sì fi orúkọ Tiehm sọ ọ́. Ìyẹn ni pé ọmọ ènìyàn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n.

4/ Aṣálẹ̀ ni ibẹ̀, láàárín Reno àti Las Vegas. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Ilẹ̀ ibi tó ń hù funfun bí ẹfun, boron àti lithium sì pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ọ̀pọ̀ ewéko mìíràn kò lè fara dà á. Ibi tí àwọn tó kù sá fún ni Tiehm's buckwheat sọ di ilé. Ohun tó mú un yè níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá náà ni ohun tí ilé-iṣẹ́ ìwakùsà wá ń wá bọ̀.

5/ Lithium kì í ṣe ohun tuntun lágbègbè yẹn. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń fa omi iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ jáde nítòsí ibẹ̀, tí wọ́n ń sá a sóòrùn láti yọ lithium. Ó pẹ́ tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìgbà tí ọkọ̀ oníná wá dé ni gbogbo ayé ń sáré wá a.

6/ Bí Ioneer, ilé-iṣẹ́ ìwakùsà láti Australia, ṣe dé Rhyolite Ridge nìyẹn. Lithium àti boron wà pọ̀ nínú òkúta kan náà níbẹ̀, èyí kò sì wọ́pọ̀ láyé. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ kòtò ńlá. Wọ́n ní lithium tí wọ́n máa rí lọ́dún kan máa tó ṣe bátìrì fún ọkọ̀ oníná bíi 370,000. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o. Mo máa padà sí i.

7/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òfin, torí ibẹ̀ ni ìtàn wà. Ní 1872, Ààrẹ Ulysses Grant fọwọ́ sí òfin ìwakùsà kan. Ayé ẹni tó gbé díígà àti ṣọ́bìrì kọ́ èjìká ni wọ́n ṣe é fún. Tí o bá rí wúrà tàbí bàbà lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, kan igi mọ́lẹ̀, forúkọ sílẹ̀, ó di tìrẹ láti wà. Ìjọba àpapọ̀ ò tiẹ̀ ní gba ìdá kankan nínú ohun tó o bá wà jáde.

8/ Òfin yẹn ṣì wà láàyè. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́jọ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ohun tó wà nínú ọkàn rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tó ṣófo, ẹni tó bá lè fi ṣe nǹkan ló ni ín. Ohun tó ń hù lórí rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò.

9/ Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí òfin mìíràn tó dé tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Nixon fọwọ́ sí NEPA ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970: àjọ ìjọba tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá, tàbí tó fẹ́ fàṣẹ sí i, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ohun tó máa ṣe sí àyíká. Ní oṣù kejìlá 1973, òfin ààbò fún ẹ̀yà tó wà nínú ewu ìparun tẹ̀ lé e. Òfin 1973 yìí ló fi ewéko kún ẹran àti ẹja.

10/ Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí. Lábẹ́ òfin kan náà, ẹranko tó wà nínú ewu, o ò gbọ́dọ̀ pa á níbikíbi, kódà nínú àgbàlá rẹ. Ewéko ńkọ́? Tó bá wà lórí ilẹ̀ aládàáni, onílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe é bó ṣe wù ú. Àtijọ́ ni wọ́n ti jogún ìrònú yìí láti inú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì: ẹran ìgbẹ́ jẹ́ ti gbogbo ìlú, àmọ́ ohun tó ta gbòǹgbò, onílẹ̀ ló ni ín.

11/ Àǹfààní kan ṣoṣo tí Tiehm's buckwheat ní ni pé ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ló hù sí, èyí tí Bureau of Land Management ń ṣàkóso. Torí náà àyẹ̀wò pọn dandan. Kí n tó sọ bí àyẹ̀wò náà ṣe lọ, ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ ewéko kan tó ṣáájú rẹ̀ rí irú èyí. Ìpínlẹ̀ Maine ni, lápá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà.

12/ Ní 1880, obìnrin kan tó ń jẹ́ Kate Furbish, tó máa ń rìn káàkiri Maine láti ya àwòrán ewéko, rí òdòdó kan létí odò Saint John. Kò sí irú rẹ̀ nínú ìwé kankan. Lẹ́yìn ọdún méjì wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é: Furbish's lousewort. Orúkọ yẹn ò tiẹ̀ dùn ún gbọ́, torí orúkọ iná orí ló wà nínú rẹ̀.

13/ Ọdún ń gorí ọdún, ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́. Nígbà tí Smithsonian ṣe àkójọ ewéko tó ń pòórá ní 1975, ara àwọn tí wọ́n rò pé ó ti kú tán ni wọ́n kà á mọ́.

14/ Lákòókò yẹn, ìjọba fẹ́ sé odò Saint John láti fi ṣe iná mànàmáná. Dickey-Lincoln ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, láti 1965 ni wọ́n ti fàṣẹ sí i. Nítorí òfin tuntun, wọ́n ní láti ṣàyẹ̀wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ onímọ̀ ewéko kan ní University of Maine, Charles Richards, lọ́wẹ̀. Ní 1976 ó ń rìn létí odò, ló bá rí lousewort. Ó wà láàyè!

15/ Ẹ rò ó wò. Bí kì í bá ṣe òfin tó ní kí wọ́n wo ilẹ̀ kí wọ́n tó fi omi bò ó, ewéko yẹn ì bá rì sódò láìsẹ́ni tó mọ̀ pé ó ṣì wà. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní bá ẹnikẹ́ni bú àyẹ̀wò lásán. Ojú tó wò ló ń rí.

16/ Àwọn ìwé ìròyìn fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́: koríko tí orúkọ rẹ̀ ò dáa ló fẹ́ dá iṣẹ́ ńlá dúró! Ní 1978 wọ́n fi í sínú àkójọ àwọn tó wà nínú ewu. Títí dòní, ìtàn tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé òdòdó kan ló pa iṣẹ́ Dickey-Lincoln.

17/ Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ tó ń dáàbò bo ẹran ìgbẹ́ àti ewéko, ìyẹn Fish and Wildlife Service, ní iṣẹ́ náà lè máa lọ tí wọ́n bá ṣáà dáàbò bo àwọn tó kù, tí wọ́n sì gbin àwọn mìíràn. Ohun tó pa iṣẹ́ náà ni pé owó rẹ̀ pọ̀, àwọn ará Maine kan ò sì fẹ́ kí omi bo igbó wọn. Ní 1986 ni wọ́n fagi lé e. Àyẹ̀wò sọ pé "ẹ máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ rọra". Owó ló sọ pé "rárá".

18/ Ṣé òfin tiẹ̀ ti sọ pé "rárá" rí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹja ni ọ̀rọ̀ tìyẹn dá lé, ṣùgbọ́n òfin kan náà ni. Ẹja kékeré kan, snail darter, ni wọ́n rí ní 1973 nínú odò Little Tennessee, níbi tí wọ́n ti ń sé omi Tellico. Ní 1978, nígbà tí iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta: ẹ dúró. Òfin ò ní kẹ́ ẹ díwọ̀n owó mọ́ ẹja. Ó ní kẹ́ ẹ má pa á run.

19/ Kí ló ṣẹlẹ̀? Ní 1978 kan náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tún òfin ṣe, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó lè yọ iṣẹ́ kúrò lábẹ́ òfin náà. Ìgbìmọ̀ yẹn kọ̀ láti yọ Tellico. Ní 1979 ni wọ́n wá ki gbólóhùn mélòó kan bọ àárín òfin ìnáwó, pé Tellico máa lọ láìka òfin kankan sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n ti ilẹ̀kùn omi. (Ẹja náà ò kú tán, wọ́n ti kó lára rẹ̀ lọ sódò mìíràn. Ní 2022 wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ.)

20/ Ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù yẹn kan náà wá là á mọ́lẹ̀ nípa NEPA: òfin yẹn kò ní kí àjọ ìjọba ṣe ohun tó dáa, ó ní kó ṣáà ti mọ ohun tó ń ṣe. Tó o bá ti wò ó dáadáa, tó o kọ ọ́ síwèé pé nǹkan máa bà jẹ́, o lè máa bà á jẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

21/ Ó yá, a ti padà sí Nevada. Oṣù kẹwàá 2019: Center for Biological Diversity kọ̀wé sí Fish and Wildlife Service pé kí wọ́n tètè fi Tiehm's buckwheat sínú àkójọ. Ewéko tí wọ́n kà lọ́dún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 44,000. Bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ṣètò kòtò rẹ̀ nígbà yẹn, ó máa hú ju ìdajì ewéko náà lọ. Wọ́n ní àwọn máa gbé wọn lọ gbìn síbòmíràn.

22/ Kẹ́ ẹ tó sọ pé "ẹ gbé e lọ síbòmíràn ná": èèyàn lè mú un hù nínú ilé ìtọ́jú ewéko. Àwọn onímọ̀ ní University of Nevada, Reno ti ṣe é, ilé-iṣẹ́ náà ló tiẹ̀ fowó ran iṣẹ́ wọn. Àmọ́ híhù nínú ike yàtọ̀ sí kéèyàn dá dúró lórí òkè, kó so, kí ọmọ rẹ̀ tún so, láìsẹ́ni tó ń bomi rin ín. Ìyẹn ni kò sẹ́ni tó tíì fi ewéko yìí ṣe. Ẹni tó bá ti ṣí iṣu tó ń ta lọ gbìn sílẹ̀ tí kò bá a lára mu mọ ohun tí mò ń wí.

23/ Oṣù kẹsàn-án 2020, wàhálà ńlá. Wọ́n débẹ̀, ewéko tó ju 17,000 ni nǹkan ti hú tàbí jẹ nígbòǹgbò. Kòtò wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ajàfẹ́wéko ní èèyàn ló ṣe é. Ilé-iṣẹ́ ní kì í ṣe àwọn. Íntánẹ́ẹ̀tì gbóná.

24/ Wọ́n kó ìgbẹ́ ẹranko àti gbòǹgbò tó ṣẹ́kù lọ síbi àyẹ̀wò DNA. Ìdáhùn dé lóṣù kejìlá: ìdílé ikún ni. Ọ̀dá mú, ilẹ̀ gbẹ, ikún wá omi lọ sínú gbòǹgbò. Ẹni tó bá ti gbin ẹ̀pà rí ò ní jiyàn. Àmọ́ ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn fi hàn nìyí: tí gbogbo ẹ̀yà kan bá wà lójú kan ṣoṣo, ọ̀dá kan pẹ̀lú ikún díẹ̀ lè dín in kù lọ́nà tó ń dẹ́rù bani láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kó tó wá kan katapílà.

25/ Wọ́n fi ẹjọ́ tì í kó tó lọ síwájú. Ní oṣù kejìlá 2022, Fish and Wildlife Service kéde pé Tiehm's buckwheat wà nínú ewu ìparun. Wọ́n tún fa ìlà sí ilẹ̀ éékà 910 pé ó ṣe kókó fún ìwàláàyè rẹ̀.

26/ Ẹ máa bi mí pé hẹ́kítà mẹ́rin, bí éékà mẹ́wàá, ló ń hù sí, báwo ló ṣe di 910? Torí pé ewéko kì í dá wà. Kòkòrò ló ń gbé ìyẹ̀fun láti òdòdó kan sí èkejì kó tó lè so dáadáa. Àwọn kòkòrò yẹn ń jẹun, wọ́n ń yé ẹyin, wọ́n ń sùn lórí ilẹ̀ tó yí i ká. Àjọ náà fi mítà 500 yí ewéko náà ká, torí ìyẹn ni kòkòrò nílò. Ọgbọ́n ló wà níbẹ̀.

27/ Ká sòótọ́, ilé-iṣẹ́ náà ò jókòó tẹtẹrẹ. Wọ́n yí àwòrán kòtò padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tí wọ́n mú wá kẹ́yìn ò ní hú ewéko kankan ní tààrà. Wọ́n máa ṣe ọgbà yí i ká, wọ́n ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti ń mú un hù, wọ́n ní àwọn máa tún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Tí kì í bá ṣe àyẹ̀wò àti ariwo, wọn ì bá ti hú wọn láti 2020. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

28/ Àmọ́ kòtò àti òkìtì erùpẹ̀ rẹ̀ máa wọ inú éékà 910 yẹn. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ni iṣẹ́ náà máa kàn. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Fish and Wildlife Service kọ èrò rẹ̀ síwèé: iṣẹ́ náà ò ní fi ìwàláàyè ẹ̀yà náà sínú ewu, kò sì ní ba ilẹ̀ tó ṣe kókó yẹn jẹ́ dé ibi tí òfin kà sí ìbàjẹ́. Oṣù kẹwàá, Bureau of Land Management fọwọ́ sí i.

29/ Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àjọ kan náà. Ní 2022, ilẹ̀ yìí ṣe kókó. Ní 2024, ẹ lè mú bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, kò sí wàhálà. Kò sẹ́ni tó parọ́ níbẹ̀ o. Ohun tí wọ́n ń kà ló yí padà. Tó o bá ń ka ewéko lọ́kọ̀ọ̀kan, iye tí wọ́n máa hú jẹ́ òdo, inú gbogbo ayé dùn. Tó o bá ń ka ohun tó ń mú ewéko wà láàyè, ìyẹn kòkòrò, erùpẹ̀, àyè tó lè sá sí nígbà ọ̀dá, ìdáhùn máa yàtọ̀.

30/ Ẹ fojú inú wo ìyá àgbà kan tí wọ́n ní wọn ò ní wó ilé rẹ̀. Wọ́n wá wó ọjà tó ti ń rajà, wọ́n dí kànga, wọ́n gbẹ́ kòtò sẹ́yìnkùlé rẹ̀, wọ́n fi wáyà yí ilé ká, wọ́n wá kọ ọ́ síwèé pé "ilé mìíì tí a wó: òdo". Òótọ́ ni. Ṣé ìyá á pẹ́ níbẹ̀?

31/ Lẹ́yìn àṣẹ yẹn, ní oṣù kẹwàá 2024 kan náà, Center for Biological Diversity, Great Basin Resource Watch àti Western Shoshone Defense Project gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Àwọn Western Shoshone ni onílẹ̀ ibẹ̀ kí Amẹ́ríkà tó dé. Ní oṣù kìíní 2025, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí iná parí àdéhùn láti yá ilé-iṣẹ́ náà ní 996 mílíọ̀nù dọ́là.

32/ Ibi tó wá pa mí lẹ́rìn-ín rèé, ẹ̀rín tí kò dénú. Sibanye-Stillwater, ilé-iṣẹ́ ìwakùsà láti South Africa, ti ṣàdéhùn ní 2021 láti fi 490 mílíọ̀nù dọ́là ra ìdajì iṣẹ́ náà. Ní oṣù kejì 2025, wọ́n jáwọ́. Owó lithium ti já wálẹ̀ gan-an lọ́jà àgbáyé, wọ́n ṣírò, èrè ò tó. Ṣé ẹ rántí Dickey-Lincoln? Àyẹ̀wò ní "ẹ máa lọ". Owó ló tún ń sọ pé "rárá".

33/ Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí: "Ayé ń gbóná, ọkọ̀ oníná máa gbà wá, ìwọ ń sọ̀rọ̀ koríko." Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ rárá. Èmi náà ń gba fóònù mi lágbára, mo sì mọ ẹni tí bátìrì lithium àti sólà gbà lọ́wọ́ ariwo àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Ọ̀dá tó lé ikún wọnú gbòǹgbò yẹn, ayé tó ń gbóná ń mú kírú rẹ̀ pọ̀ sí i. Tí a ò bá fi epo sílẹ̀, ewéko yẹn lè kú bákan náà.

34/ Torí náà mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wa lithium. Lithium wà níbi púpọ̀ láyé. Tiehm's buckwheat wà níbì kan. Tí ọ̀kan bá ṣeé wá síbòmíràn, tí èkejì ò ṣeé wá síbòmíràn, ó yẹ kí àyẹ̀wò lè wo ìyẹn, kó sì sọ pé "kì í ṣe ibí". Tí kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀ láé, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kọ àkọsílẹ̀ ikú sílẹ̀ lọ́nà tó mọ́ tónítóní.

35/ Ó wá kàn wá. Ní 1988, wọ́n da ìdọ̀tí olóró láti Italy sí Kòkó, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí Nàìjíríà dá àjọ àyíká sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní 1992, a ní òfin àyẹ̀wò tiwa, Decree 86. Òfin yẹn ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò kíkún tí wọ́n bá fẹ́ wa kùsà níbi tuntun tó ju hẹ́kítà 250 lọ. Òfin ìwakùsà 2007 náà ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ ṣàyẹ̀wò àyíká kó tó bẹ̀rẹ̀.

36/ Hẹ́kítà 250. Ẹ rántí pé hẹ́kítà mẹ́rin ni gbogbo ayé Tiehm's buckwheat. Tí irú ewéko bẹ́ẹ̀ bá wà lórí àpáta kan ní Nasarawa tàbí ní Òkè-Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń wa lithium báyìí, ó lè parí sínú kòtò kan ṣoṣo tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́wàá fi ṣọ́bìrì gbẹ́ láìní ìwé kankan. Kò ní sí ẹjọ́. Kò ní sí ikún tá a máa fẹ̀sùn kàn. Kò tiẹ̀ ní ní orúkọ nínú ìwé.

37/ Kì í ṣe pé mò ń dá àwọn ọmọkùnrin yẹn lẹ́bi, ebi ló gbé ṣọ́bìrì lé wọn lọ́wọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé Nevada ní Tiehm tó ń ṣa ewéko kiri ní 1983, ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣáájú ìjà. Ẹni tó mọ ohun tó wà nílẹ̀ ló lè sọ pé ó ti sọnù. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ń tajà ewé àti egbò mọ òkè wo ni ewé wo ti ń hù. Èmi ò tíì rí ìwé àyẹ̀wò tó lọ jókòó ti ìyá eléwé-ọmọ, kó bi í léèrè.

38/ Ohun tá a lè ṣe nìyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nílé wa níbí, tí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò fún iṣẹ́ ńlá, wọ́n máa ń gbé ìwé náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á, wọ́n sì máa ń polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá kọ èsì síwèé, èsì rẹ̀ wọ àkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọjọ́ 21 yẹn ń kọjá láìsẹ́ni tó wò ó.

39/ Tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá jáde ládùúgbò yín, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ bá a fà. Kí ni wọ́n kà: ewéko lásán, àbí ilẹ̀ àti omi àti kòkòrò tó ń gbé e ró? Ta ló sanwó fún ẹni tó kà á, ṣé ó sì dé ibẹ̀ ní ìgbà òjò tí nǹkan ń hù? Ìkẹta, kí ni wọ́n máa rí tó máa mú kí wọ́n sọ pé "a ò ṣe mọ́"? Tí kò bá sí nǹkan kan lábẹ́ ìkẹta, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn bẹ́ẹ̀, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì.

40/ Ó tán. Ẹni tó bá wà ní Òkè-Ògùn, tó mọ ewé kan tó jẹ́ pé orí àpáta kan pàtó nìkan lẹ ti ń rí i já, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ibí. Orúkọ ewé àti ohun tẹ́ ẹ ń fi ṣe ló tó, ẹ má kọ ibi tó wà. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ kọ́kọ́ ní orúkọ wọn sílẹ̀.